Ìtẹ́lọ́rùn Kì í Ṣe Ìdákẹ́: Ẹ̀kọ́ Láti Ìlú Enugu

Orí òkè ni ìtumọ̀ orúkọ Enugu ní èdè Ìgbò, ṣùgbọ́n inú òkè ni ìlú náà ti kọ́kọ́ rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1909 ni a ṣàwárí èédú inú ilẹ̀ ní agbègbè Udi. Ní 1915 ni iṣẹ́ ìwakùsà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó sì di 1916, ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èédú náà lọ sí èbúté Port Harcourt.

Awakùsà tí ó wọ inú ihò bẹ́ẹ̀ kì í rí òpin rẹ̀. Ìwọ̀nba ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé ni fìtílà rẹ̀ ń tàn sí, síbẹ̀ ó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìtọ́sọ́nà Ọlọ́run rí fún onígbàgbọ́.

Ẹ wo Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 16. Ó fẹ́ wàásù ní Éṣíà, Ẹ̀mí Mímọ́ kọ̀ fún un. Ó kọjú sí Bítíníà, ọ̀nà tún dí. Lẹ́yìn èyí ni ó rí ìran ní òru, tí ó sì rékọjá sí Makedóníà, títí ó fi dé Fílípì. Ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, inú ẹ̀wọ̀n ni ó ti kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì pé òun ti kọ́ láti ní ìtẹ́lọ́rùn, ìbáà ṣe nínú ọ̀pọ̀ tàbí nínú àìní. Ó ní òun kọ́ ọ ni. A kò bí i mọ́ ọn. Àwọn tí ó sì kọ̀wé sí, ọ̀nà tí ó dí ni ó mú un pàdé wọn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ṣùgbọ́n ibí yìí ni àwọn kan ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé ẹni tí ó ní ìtẹ́lọ́rùn kò gbọdọ̀ béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn awakùsà ní Iva Valley ní Enugu, lẹ́yìn ìjà lórí owó iṣẹ́ wọn. Ènìyàn 21 ni ó kú. Ta ni yóò dúró níwájú àwọn opó wọn kí ó sọ pé àìnítẹ̀ẹ́lọ́rùn ni ó pa àwọn ọkọ wọn?

Pọ́ọ̀lù kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ní Fílípì kan náà, wọ́n nà án láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn aláṣẹ fẹ́ tú u sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kí àwọn fúnra wọn wá mú òun jáde. Ọkùnrin tí ó ti inú ẹ̀wọ̀n kọrin ìyìn ní òru ni ó béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́.

Ìtẹ́lọ́rùn, nígbà náà, ni pé kí ọkàn ẹni má so kọ́ ohun tí a ń béèrè. Bí a bá rí i gbà, a ó dúpẹ́. Bí ó bá pẹ́, a kò ní jalè, a kò ní gba rìbá, oorun wa kò sì ní dá.

Èédú kò bọ́ Enugu mọ́ bí ti àtijọ́. Ogun 1967 sí 1970 ba iṣẹ́ náà jẹ́, ọkọ̀ ojú irin sì fi èédú sílẹ̀, ó gba epo dísù. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ènìyàn ṣì ń wọ́ lọ sí Kàtídírà Ẹ̀mí Mímọ́ ní Ogbete. Ẹni tí ó fi èédú ṣe ìrètí ti rí òpin rẹ̀. Ẹni tí ó fi Ọlọ́run ṣe ìrètí, ẹ jẹ́ kí ó gbé ẹsẹ̀ kan tí fìtílà rẹ̀ tàn sí lónìí. Ti ọ̀la ń bẹ lọ́wọ́ Ẹni tí ó gbé fìtílà náà lé e lọ́wọ́.