Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ṣé lóòótọ́ lèèyàn ń di ẹkùn? 🐆

Ọ̀rọ̀ yìí ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ o.

1. Nínú ìtàn tiwa, ẹfọ̀n ló gbajúmọ̀ jù: Ọya bọ́ awọ ẹfọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ọdẹ gbé e pamọ́.

2. Ti ẹkùn dé kóòtù ní Nàìjíríà níbí. Láàárín 1945 sí 1948, ní ilẹ̀ Annang àti Ìbíbíò, wọ́n ń rí òkú èèyàn lẹ́bàá ọ̀nà oko, tí ara wọn ya yánnayànna. Àwọn kan ní ẹkùn gidi ni. Ọlọ́pàá ní rárá, èèyàn ló ń fi ọ̀bẹ ṣe é kó lè jọ iṣẹ́ ẹkùn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yẹgi fún èèyàn 77! Onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá kan, David Pratten, kọ ìwé lé e lórí ní 2007. Aáwọ̀ gbèsè àti ti ìgbéyàwó kún inú ìwé náà bámúbámú. Lójú tèmi, ìyẹn ba èèyàn lẹ́rù ju òògùn lọ.

3. Ní Sierra Leone, nítorí irú ìpànìyàn bẹ́ẹ̀, òfin 1895 ka awọ ẹkùn tí wọ́n rán bí ẹ̀wù àti ọ̀bẹ ẹlẹ́nu mẹ́ta léèwọ̀.

4. Fíìmù Cat People (1942), níbi tí obìnrin kan ti gbà pé òun lè di ẹkùn, ńkọ́? Obìnrin mìíràn ń dá rìn lóru, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn, àfi “ṣíììì!” Bọ́ọ̀sì ni! Ẹni tó bá ti dúró ní Ìdó lálẹ́ mọ ariwo bíréèkì yẹn dáadáa.

Irú ẹranko wo ni wọ́n ní èèyàn ń dà ládùúgbò yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì pín in fáwọn ará.