Ilé Yangí Kan ní Freetown

Ní Cline Town, lápá ìlà-oòrùn Freetown lórílẹ̀-èdè Sierra Leone, pẹ́tẹ́ẹ̀sì pupa kan wà tí kò ní òrùlé mọ́. Òkúta yangí ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ògiri ṣì dúró, àmọ́ ojú fèrèsé ti ṣófo, òjò ń rọ̀ sí i nínú.

Ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ló dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1827, nílùú tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn ẹrú tó bá gbà sílẹ̀ lójú òkun wá. Yorùbá pọ̀ lára wọn gan-an, débi pé Aku ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, nítorí “ẹ kú” tí kì í wọ́n lẹ́nu wọn. Àjàyí ọmọ Òṣoògùn, tí ogun kó lọ́dún 1821, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Òun la wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Àmọ́ kì í ṣe inú ilé yangí yìí ló ti kàwé o. Nígbà tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1845, Crowther ti wà ní Àgbádárìgì.

Gómìnà William Fergusson ló fi ìpìlẹ̀ náà lélẹ̀, Edward Jones tó wá láti Amẹ́ríkà sì ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Aláwọ̀ dúdú làwọn méjèèjì. Wọ́n parí ilé náà ní 1848. Ohun tó wà lórí rẹ̀ gan-an ló yani lẹ́nu: ìtàn sọ pé òpó ìgbòkun ọkọ̀ tó ń kó ẹrú ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú igi òrùlé rẹ̀. Abẹ́ igi yẹn làwọn ọmọ tí wọ́n bí fún àwọn tó bọ́ lóko ẹrú jókòó sí, tí wọ́n ń kọ́ èdè Látìn.

James Johnson, tí Èkó mọ̀ sí Johnson Mímọ́, jáde níbẹ̀ ní 1858. Láti 1876 ni Yunifásítì Durham ti gbà pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ máa gboyè òun láì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Isaac Olúwọlé, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù, gba tirẹ̀. Henry Carr, àgbà ọ̀mọ̀wé Èkó, náà gba tirẹ̀ ní 1882.

Ogun Àgbáyé Kejì ló lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde nínú ilé yangí náà. Ilé-ẹ̀kọ́ kó lọ sí ìlú Mabang; nígbà tí ogun parí, ó gba orí òkè Mount Aureol lọ, kò sì padà sí Cline Town mọ́. Rélùwéè ìjọba wá sọ ilé yangí di ọ́fíìsì. Ní 1955, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, àmọ́ ìkéde kì í tún òrùlé ṣe. Lẹ́yìn rélùwéè ni kóòtù májísíréètì wọ ibẹ̀. Ibi tí Carr ti ń yanjú ìṣirò di ibi tí wọ́n ti ń dájọ́ fólè.

Nígbà ogun abẹ́lé Sierra Leone, àwọn tí ogun lé kúrò nílé sá wọ inú rẹ̀. Iná jó o ní 1999, òrùlé lọ, àjà lọ, ó ku ògiri. Àjọ World Monuments Fund ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi tó wà nínú ewu láyé, Sierra Leone náà sì ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO ní 2012.