Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé: Ọ̀nà iná àti omi ni kí ẹ kọ́kọ́ là, kí ẹ tó to búlọ́ọ̀kù

Bí owó ṣọ́ọ̀bù bá ti ń pé bọ̀, oorun kì í kun ojú ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré ní Sùúrùlérè, Yábàá àti Muṣin mọ́. Onílé á fi kún owó, aṣojú onílé á gba tiẹ̀, agbẹjọ́rò náà á gba tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjà ọdún yẹn lè má tíì dára. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ télọ̀, onídìrí, alágbàfọ̀, àwọn tó ń yan kéèkì àti àwọn tó ń tún fóònù ṣe fi ń wo ẹ̀yìnkùlé ilé tí wọ́n ń gbé, tí wọ́n ń sọ lọ́kàn ara wọn pé àlàfo tó wà lẹ́bàá fẹ́ǹsì yẹn tó ibi tí èèyàn lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí.

Èrò tó dára ni. Àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni pé búlọ́ọ̀kù àti páànù nìkan ni wọ́n ń ṣírò. Wọ́n á kọ́ ọ tán, wọ́n á kùn ún lọ́dà, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tan ẹ̀rọ ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí wáyà máa gbà, tí wọ́n á sì tún máa fọ́ sìmẹ́ńtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tẹ́ ilẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí kò ní iná, tí kò ní omi, tí omi ìdọ̀tí kò sì rí ọ̀nà jáde, ibi ìkẹ́rùsí lásán ni. Iná, omi àti ìwé tó tọ́ ló ń sọ ọ́ di ibi iṣẹ́ tó ń pa owó wọlé.

Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé àti ibi iṣẹ́ kì í ṣe tuntun ní agbègbè yìí. Lọ́dún 1928, lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ti bá Èkó fínra, ìjọba amúnisìn dá àjọ Lagos Executive Development Board sílẹ̀ láti máa tún ìlú tò. Láti ọdún 1955 ni àjọ yìí ti ń wó ilé ní àárín gbùngbùn Èkó, tó sì ń kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sí Sùúrùlérè. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peter Marris, ṣe ìwádìí lórí àwọn tí wọ́n kó lọ yìí, ó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1961. Lára ohun tó rí ni pé òwò àwọn ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ láàárín wọn jó rẹ̀yìn, nítorí pé wọ́n ti jìnnà sí àwọn oníbàárà wọn. Ilé tuntun wà, àmọ́ owó kò wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn fún ẹni tó fẹ́ kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé lónìí. Iṣẹ́ tí oníbàárà ń wá fúnra rẹ̀, bíi aṣọ rírán, irun ṣíṣe, kéèkì tàbí aṣọ fífọ̀, lè gbèrú lẹ́yìn ilé. Ọjà tó jẹ́ pé ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì ló ń yà rà á, bíi bíbẹ́lẹ́bẹ̀ àti omi tútù, kò ní rìn dáadáa níbi tí ojú kò ti tó o. Kí èèyàn bi ara rẹ̀ léèrè èyí kó tó ra àpò sìmẹ́ńtì kan.

Ta ló ni ilẹ̀?

Ayálégbé ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ronú irú nǹkan yìí. Òfin ilẹ̀ tí Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ohun tí èèyàn bá kọ́ mọ́ ilẹ̀ ti di ti ẹni tó ni ilẹ̀, àfi bí àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí onílé bá fi ẹnu lásán sọ pé, “Ẹ kọ́ ọ, kò sí wàhálà,” tó wá di ọdún tó ń bọ̀ tó ní kí ayálégbé kó jáde, kò dájú pé owó tó ná máa padà sọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ìwé àdéhùn sọ pé onílé fàyè gba kíkọ́ ọ, iye ọdún tí ayálégbé máa fi lò ó, bóyá wọ́n máa yọ owó rẹ̀ kúrò nínú rẹ́ǹtì, ẹni tó máa ni ín bí ọdún bá pé, àti àwọn ohun tí ayálégbé lè tú kúrò bó bá ń lọ, bíi táǹkì, ẹ̀rọ tó ń fa omi àti páànù. Bó bá jẹ́ ilé ẹbí ni, àṣẹ ẹ̀gbọ́n àgbà nìkan kò tó. Kí gbogbo ọmọ bàbá tó ní ìpín níbẹ̀ mọ̀ sí i, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, torí pé ìjà ilé ẹbí ti ba òwò tó pọ̀ jẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ti ìjọba. Òfin ètò ìlú tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2010 gbé ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ìkọ́lé lé àjọ LASPPPA lọ́wọ́, ó sì gbé àbójútó iṣẹ́ ìkọ́lé lé LASBCA lọ́wọ́. Òfin ń béèrè àlàfo láàárín ilé àti fẹ́ǹsì, sísọ ilé gbígbé di ibi òwò sì ní àṣẹ tirẹ̀. Kí èèyàn mú ìwé ilé lọ sí ọ́fíìsì LASPPPA ní àdúgbò rẹ̀, kó béèrè bóyá wọ́n máa gba ohun tó fẹ́ kọ́ láyè, kó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ohunkóhun tí èèyàn bá kọ́ sórí gọ́tà, sójú ọ̀nà omi tàbí sábẹ́ wáyà iná ńlá, ẹ̀rọ katakata lè bá a níbẹ̀ nígbàkígbà. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe oúnjẹ tàbí ohun mímu tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá tàbí ike fún títà, kó rántí pé NAFDAC máa wá wo ibi iṣẹ́ náà kó tó fún un ní nọ́ńbà.

Ìwọ̀n àti kíkọ́ rẹ̀

Ṣọ́ọ̀bù tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9, máa gba nǹkan bíi búlọ́ọ̀kù 330, láì ka ti ìpìlẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí kò fẹ́ kọ́ ọ mọ́ ilẹ̀ lè ra kọ̀ǹténà àlòkù tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20, torí pé ó ṣeé gbé kúrò bí àdéhùn bá parí. Àmọ́ irin máa ń gbóná lọ́sàn-án, bí wáyà kan bá sì bó lára rẹ̀, gbogbo ògiri ló lè gbé iná.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù láti ṣe iṣẹ́ náà. Kí wọ́n gbé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ga ju ilẹ̀ àgbàlá lọ, torí pé ọ̀pọ̀ ibi ní Muṣin àti Sùúrùlérè ni omi òjò ti ń dúró. Kí bíríkìlà tó tẹ́ ilẹ̀, oníná àti pọ́ḿbà ti gbọ́dọ̀ wá. Àwọn ni wọ́n máa fi páìpù wáyà, páìpù omi àti páìpù omi ìdọ̀tí sí ààyè wọn.

Iná: ẹ ṣírò kí ẹ tó so wáyà

Kí èèyàn kọ gbogbo ẹ̀rọ tó fẹ́ lò sílẹ̀ pẹ̀lú iye wáàtì tí wọ́n kọ sára wọn. Bí àpẹẹrẹ, télọ̀ tó ní áyọ́ọ̀nù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba wáàtì 1,200, àti máṣíìnì mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 400, á máa lo wáàtì 3,600 bí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá fi fólítì 230 pín in, ó jẹ́ nǹkan bíi áḿpù 16. Bí ṣọ́ọ̀bù náà bá jìnnà sí ilé ní ẹsẹ̀ bàtà 65, tí wọ́n sì fi wáyà 1.5, èyí tí wọ́n ń lò fún gílóòbù, fa iná dé ibẹ̀, nǹkan bíi fólítì 9 ló máa ṣòfò lójú ọ̀nà, wáyà náà á sì máa gbóná. Bí wọ́n bá lo wáyà 6, ohun tó máa ṣòfò kò tó fólítì 2 àbọ̀. Owó wáyà tó tóbi pọ̀, àmọ́ kò tó owó ẹ̀rọ tó jóná, ká má tíì sọ ti ilé tó jóná.

Àwọn nǹkan mẹ́rin kan wà tí kò yẹ kí oníná gbójú fò. Àkọ́kọ́ ni pé kí wáyà gba inú ilẹ̀, nínú páìpù tàbí kó jẹ́ armoured cable, kó sì jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2, kí ọkọ́ má baà gé e. Ìkejì ni pé kí ṣọ́ọ̀bù ní breaker tirẹ̀, kó má jẹ́ pé ara sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀ ni wọ́n ti fa iná rẹ̀. Ìkẹta ni wáyà earth tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dáadáa, pàápàá bó bá jẹ́ kọ̀ǹténà. Ìkẹrin ni pé kí wọ́n ra wáyà tó ní àmì àjọ SON, torí pé ayédèrú wáyà pọ̀ lọ́jà, bàbà inú rẹ̀ kì í tó ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2013 tí ìjọba ti ta PHCN fún aládàáni, iléeṣẹ́ Eko Electricity Distribution ló ń pín iná fún ibi tó pọ̀ jù ní Sùúrùlérè, Yábàá àti Muṣin. Ọ́fíìsì wọn ni èèyàn máa lọ láti tọrọ mítà fún ṣọ́ọ̀bù náà. Oníná tó ní ìwé àṣẹ àjọ NEMSA ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ náà, torí pé àjọ yìí ló ń yẹ iṣẹ́ iná wò. Mítà ọ̀tọ̀ máa ń jẹ́ kí oníṣòwò mọ iye tí iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ, ó sì ń fòpin sí àríyànjiyàn láàárín òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń gbélé. Kí ẹnikẹ́ni má gbà kí wọ́n bá òun fa iná gba ẹ̀yìn mítà o, ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn wà níbẹ̀.

Owó iná kì í ṣe kékeré mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó yúnìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A láti ₦68 sí ₦225, kó tó tún máa yí padà lẹ́yìn náà. Pẹ̀lú ₦225 yẹn, wákàtí kan tí télọ̀ òkè yìí bá fi lo gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ ₦810. Kó fi í sínú owó iṣẹ́ tó ń gbà.

Ti jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó lítà bẹntiróòlù kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 kọjá ₦480. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ò lè ṣe kí wọ́n má ní in. Kí wọ́n gbé e sí ìta, kó jìnnà sí fèrèsé tó ẹsẹ̀ bàtà 20. Èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tó ń kìlọ̀ nígbà tó bá ń pani. Ẹni tí àyè tó ní kò tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ inverter àti bátìrì ni kó máa tu owó jọ fún.

Omi tó ń wọlé, omi tó ń jáde

Onídìrí, alágbàfọ̀ àti olóúnjẹ kò lè ṣiṣẹ́ láìsí omi. Bí kànga ẹ̀rọ bá ti wà nínú ọgbà, páìpù kan láti ara táǹkì ilé lè tó. Ẹni tó bá fẹ́ gbé táǹkì tirẹ̀ kalẹ̀, kó rántí pé 1,000 lítà omi wúwo tó tọ́ọ̀nù 1, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé ka pákó. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ kànga tuntun, àwọn onímọ̀ ní kó jìnnà sí sọ́kàwéè tó ẹsẹ̀ bàtà 100. Ọ̀pọ̀ ọgbà ní agbègbè yìí kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí wọ́n yẹ omi náà wò kí wọ́n tó fi se oúnjẹ fún oníbàárà.

Omi tó ń jáde ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Omi ọṣẹ àti omi ọlọ́ràá tí wọ́n bá dà sí gọ́tà àdúgbò máa ń dí i, ó sì ń fa ẹjọ́ aládùúgbò. Kí pọ́ḿbà ṣe ihò tó ń gba ọ̀rá dúró, kó tó darí omi sí sọ́kàwéè.

Níbo ni èrè wà?

Bí àpẹẹrẹ, bí rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù bá jẹ́ ₦600,000 lọ́dún, tí kíkọ́ ti ẹ̀yìnkùlé gba ₦900,000, tí iná, omi àti ìwé àṣẹ tún gba ₦600,000, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,500,000. Ọdún méjì àbọ̀ ni rẹ́ǹtì tí oníṣòwò náà kò san mọ́ máa fi dá owó yìí padà. Bí onílé bá fún un ní ọdún márùn-ún nínú ìwé, ó jèrè. Bó bá jẹ́ ọdún kan ni, gbèsè ló kọ́ yẹn. Ẹni tó bá sì ṣírò ₦900,000 nìkan níbẹ̀rẹ̀, àárín ọ̀nà ni owó máa tán mọ́ ọn lọ́wọ́, ibẹ̀ ló sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá wáyà olówó pọ́ọ́kú.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣòwò, ìwé àdéhùn ni kó ṣáájú, kí ìwé àṣẹ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ọ̀nà iná, omi àti omi ìdọ̀tí. Búlọ́ọ̀kù ló kẹ́yìn. Bí owó àjọ tàbí ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó bá wà lọ́wọ́ kò bá tíì ká gbogbo rẹ̀, ó sàn kí ẹ dúró di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ ju kí ẹ kọ́ ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ṣeé lò. Ó ṣe tán, sùúrù lérè.