Kó tó di Afrobeat, jáàsì ni Fẹlá fẹ́ fi jẹun l'Ékòó

Bí ẹ bá dárúkọ Fẹlá lónìí, Afrobeat àti wàhálà òun pẹ̀lú àwọn ṣọ́jà ló máa kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Àmọ́ Fẹlá tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé lọ́dún 1963 kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ Afrobeat. Jáàsì ni tiẹ̀, fèrè ló ń fọn, Miles Davis ló sì ń wò kọ́ṣẹ́.

Iṣẹ́ rédíò ló rí l'Ékòó, ní NBC. Ibẹ̀ náà ni Benson Idonije wà, ẹni tó ń gbé jáàsì sórí afẹ́fẹ́. Bàbá àgbà Burna Boy ni o! Idonije di máníjà, wọ́n kó ọkùnrin márùn-ún jọ, wọ́n pè é ní Fela Ransome-Kuti Quintet. Wọ́n ṣe àwo. "Great Kids" àti "Amaechi's Blues" wà níbẹ̀.

Ta ló fẹ́ rà á? Ayé háíláìfù layé ìgbà yẹn, àwọn Victor Ọláìyá àti Roy Chicago ló gba ìgboro kan. Ẹni tó sanwó wọ òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ Sátidé, ijó ló wá jó, ó fẹ́ di ìbàdí ìyàwó ẹ̀ mú. Kò wá jókòó kó máa wo ẹni tó ń fi fèrè ronú. Owó ò wọlé. Ni Fẹlá bá da háíláìfù mọ́ jáàsì, orúkọ sì di Koola Lobitos.

Ọdún 1964 ni Tony Allen dé, onílù tó ti gbọ́ Art Blakey àti Max Roach yó. Ọwọ́ ẹ̀ ni jáàsì gbà wọnú Afrobeat, tọ́pọ̀ èèyàn ń jó o láìmọ̀. Lọ́dún 2017, ó ṣe àwo fi yẹ́ Blakey sí fún iléeṣẹ́ Blue Note, kó tó kú ní Paris lọ́dún 2020.

Wọ́n ti kó àwọn orin 1963 sí 1969 jọ sínú CD mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ fèrè Fẹlá kó tó máa bú ìjọba, ibẹ̀ ni kó lọ.