Kókó yíyí àti nọ́ńbà títẹ̀: Bí a ṣe lè fi AC aládàáṣiṣẹ́ sínú ọkọ̀ àtijọ́

Ọ̀kan nínú yín tó ń wa Golf 4 bi mí pé ṣé ó ṣeé ṣe kí wọ́n yọ àwọn kókó tí òun fi ń darí AC ọkọ̀ òun, kí wọ́n fi èyí tó ní nọ́ńbà rọ́pò wọn, èyí tí èèyàn á kàn tẹ 23 sí, tí ọkọ̀ á sì máa bójú tó ìyókù. Ìdáhùn kúkúrú ni pé ó ṣeé ṣe. Ìdáhùn gígùn ló wà nísàlẹ̀ yìí, torí pé owó gidi ń bẹ níbẹ̀, ewu sì ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí mo mọ̀ jù bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù là ń pe AC: a-, mú, ilé, tutù. Pé "ilé" wà nínú rẹ̀ nígbà tí à ń sọ ti ọkọ̀ ò dí wa lọ́wọ́. "Tutù" gan-an ló ń ṣì wá lọ́nà. Ẹ̀rọ tó ní nọ́ńbà yìí ń mú afẹ́fẹ́ tutù, ó ń mú un gbóná, ó sì ń po méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá rò pé tutù nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ á tẹ 16, á ní kí ọkọ̀ lè tètè tutù ju ìgbà tí òun bá tẹ 22 lọ. Bẹ́ẹ̀, tí inú ọkọ̀ bá gbóná bí ààrò, agbára kan náà ni ẹ̀rọ sábà máa fi bẹ̀rẹ̀ fún méjèèjì. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe agbára. Ibi tí a fẹ́ dé ni.

Ẹ wo ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ tuntun. Omi gbígbóná wà lápá kan, omi tútù wà lápá kejì. Á bu díẹ̀ níbí, á bu díẹ̀ lọ́hùn-ún, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Tó bá gbóná jù, á tún bu tútù sí i, títí omi á fi lọ́ wọ́ọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ọkọ̀. Nínú àpótí tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ ń gba ara kọ́ìlì tútù kọjá. Ibẹ̀ ni ọ̀rinrin rẹ̀ ti ń di omi tí ẹ máa ń rí tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ìlẹ̀kùn kékeré kan ń pinnu bí èyí tó máa gba ara rédíétọ̀ híta ṣe máa pọ̀ tó, níbi tí omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ń gbà. Nínú ọkọ̀ tó ń lo kókó, ọwọ́ yín ló ń fa wáyà irin tó ń ṣí ìlẹ̀kùn náà. Nínú èyí tó ní nọ́ńbà, mọ́tò kékeré ló ń ṣí i, kọ̀ǹpútà ló sì ń pàṣẹ.

Ọwọ́ ìyá àgbà ńkọ́? Sẹ́ńsọ̀ ni. Ọ̀kan ń díwọ̀n ooru inú ọkọ̀, ọ̀kan wà níwájú lẹ́yìn bọ́ńpà fún ti ìta, ọ̀kan wà lára kọ́ìlì tútù kó má bàa di yìnyín. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọ̀kan tún wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń wo oòrùn, torí pé oòrùn máa ń ta wá lára kí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ tó gbóná.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Packard fi AC sínú ọkọ̀ rẹ̀ ti 1940, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ pa á gbọ́dọ̀ dúró, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó yọ bẹ́líìtì. Ní 1964 ni Cadillac gbé Comfort Control jáde: ẹ yan ìwọ̀n ooru, ẹ̀rọ á pa á mọ́, láìsí kọ̀ǹpútà kankan.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀nà kìíní ni ká ra ti ọkọ̀ irú kan náà. Volkswagen ṣe Golf 4 tó ní Climatronic, orúkọ tí wọ́n ń pe ti aládàáṣiṣẹ́ nìyẹn, nítorí náà ẹ lè rí i lára ọkọ̀ tí wọ́n ti tú, ní Ládípọ̀ tàbí ibòmíì. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tó ní nọ́ńbà nìkan ò lè ṣe nǹkan kan. Ẹ nílò àpótí afẹ́fẹ́ pẹ̀lú mọ́tò rẹ̀, gbogbo sẹ́ńsọ̀, àti ìdì wáyà pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ tí wọn ò gé. Dáṣíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ jáde pátápátá. Níkẹyìn, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò á kọ́ àwọn mọ́tò náà ní ibi tí ìrìn wọn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Ọ̀nà kejì wà fún ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ò ṣe irú rẹ̀ rárá: kọ̀ǹpútà kékeré bí Arduino, pẹ̀lú mọ́tò tó ń fa wáyà irin àtijọ́ yẹn. Iṣẹ́ ẹni tó mọ iná àti ètò kíkọ ni. Ọ̀nà kẹta ni ká fi kókó sílẹ̀, ká tún AC tó wà níbẹ̀ ṣe dáadáa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti yàtọ̀ sí ti Jámánì nìyí. Mẹkáníìkì wa mélòó ni ò tíì yọ tẹmọ́sítáàtì dànù, tí wọn ò tíì dí ọ̀nà omi híta, pé "kí la fẹ́ fi híta ṣe ní Nàìjíríà"? Tí omi gbígbóná ò bá dé àpótí yẹn, kọ̀ǹpútà á máa ṣílẹ̀kùn sí ohun tí ò sí. Ìyá àgbà ti ní omi tútù, kò ní gbígbóná. Ẹ tún rántí ọjọ́ òjò lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn: tí gíláàsì iwájú bá tutù jù, ìkùukùu á bo ìta rẹ̀, ẹ ò ní rí tírélà tó wà níwájú. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ ni oògùn rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ dá tẹmọ́sítáàtì padà, ẹ la ọ̀nà híta, ẹ sì rí i pé gáàsì, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àti fáànù iwájú ń ṣiṣẹ́.

Ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fi ṣeré. Àkọ́kọ́ ni wáyà. Fáànù inú ọkọ̀ lè fa tó 20 áḿpíà tó bá wà lókè pátápátá; ẹ má jẹ́ kí réwáyà gbé e gba ara wáyà tín-ín-rín láìsí fíúsì, torí bí iná ṣe ń sọ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù nìyẹn. Èkejì ni áàbáàgì: ẹ yọ ẹnu bátìrì, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀kẹta ni gáàsì. R-134a ń hó ní −26°C. Tó bá tú sí ojú, ó lè fọ́ ọ. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fà á jáde, wọn kì í tú u sínú afẹ́fẹ́.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó bi mí ni pé kó kọ́kọ́ ṣe ọ̀nà kẹta. Tí AC bá ń tutù dáadáa, tí híta sì ń gbóná, nígbà náà ni kó wá gbogbo ẹ̀yà Climatronic pọ̀ láti ara ọkọ̀ kan ṣoṣo. Tí ìkankan nínú wọn ò bá sí, kó fi owó rẹ̀ sápò.

Ní ti orúkọ, mo dábàá amọ́kọ̀tura. Mú àti ọkọ̀ ló di mọ́kọ̀, bí mú àti ilé ṣe di múlé. Mo yan tura dípò tutù, torí pé ìtura ni nọ́ńbà yẹn ń wá, yálà tútù ló gbà tàbí gbígbóná. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó fi ránṣẹ́ sí mi.