Òjò Orí Òkè àti Òtútù Tí Ń Pa Arìnrìn-àjò

Bí a bá gbọ́ pé òjò pa ènìyàn, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé àgbàrá ni ó gbé e lọ, tàbí àrá ni ó sán pa á, tàbí ògiri ni ó wó lù ú. Ṣùgbọ́n òjò mìíràn wà tí ń pa ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le koko, láìsí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Òun ni a fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú wa àti ẹ̀yin òbí, nítorí pé púpọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n ní Ìlú Ọba, níbi tí àwọn ilé-ìwé kan ti máa ń kó ọmọ lọ fi ẹsẹ̀ rìn lórí òkè fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 1964, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ẹgbẹ́ Scout péjọ sí agbègbè olókè kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní Peak District, fún ìdíje ẹsẹ̀ rírìn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Four Inns Walk. Ilé-èrò mẹ́rin tí ọ̀nà náà gbà kọjá ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀nà náà gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 70. Àwọn òkè ibẹ̀ kò ga rárá; èyí tí ó ga jù lọ, Kinder Scout, jẹ́ mítà 636 péré. Ẹni tí ó bá rí i lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn, àyà rẹ̀ kò ní já. Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, afẹ́fẹ́ líle sì ń fẹ́. Mẹ́ta nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ni òtútù pa.

Ọ̀mọ̀wé Griffith Pugh, onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, tí ó wà nínú ikọ̀ tí ó gun òkè Everest ní 1953, ni ó ṣe ìwádìí ikú wọn. Ohun mẹ́ta ni ó parapọ̀: aṣọ tí ó tutù, afẹ́fẹ́, àti àárẹ̀.

Ẹ wo bí ó ti máa ń rí tí a bá ṣe àlùwàlá ní ìdájí nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ sì fẹ́ lu apá wa kí ó tó gbẹ. Omi inú búútà lè má tutù púpọ̀, síbẹ̀ ara wa yóò gbọ̀n. Ìdí ni pé ooru ara wa ni omi náà fi ń gbẹ. Tiwa kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ wá rò ó wò bí ó bá jẹ́ gbogbo ara, láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Aṣọ fúnra rẹ̀ kò ní ooru. Afẹ́fẹ́ tí ó há sí àárín fọ́nrán rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ooru ara wa jáde. Bí omi bá gba ipò afẹ́fẹ́ yìí, aṣọ kò wúlò mọ́. Aṣọ òwú àti ṣòkòtò jíǹsì ni ó burú jù, nítorí wọ́n ń mu omi, wọn kì í sì í tètè gbẹ. Èyí tí a fi irun àgùntàn hun sàn jù wọ́n lọ.

Ẹni tí ń rìn kánkán ń dáná sínú ara rẹ̀, oúnjẹ sì ni igi ìdáná náà. Ṣùgbọ́n ta ni í fẹ́ dúró jẹun nínú òjò? Bí ebi ṣe ń wọlé ni ẹsẹ̀ ń falẹ̀, bí ẹsẹ̀ ṣe ń falẹ̀ ni iná ń kú. Nítorí náà, kò di dandan kí omi dì kí òtútù tó pa ènìyàn.

Ìwọ̀n ooru ara wa jẹ́ nǹkan bíi 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀ ju 35 lọ, ewu dé. Ẹni náà yóò máa gbọ̀n, kò ní lè de bọ́tìnnì, yóò máa kọsẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò máa wọ́ bí ti ọ̀mùtí. Bí ẹ bá bi í léèrè, yóò ní kò sí ohun tí ó ṣe òun. Ẹ má gbà á gbọ́, nítorí òtútù ti dé ọpọlọ rẹ̀. Bí kò bá sì gbọ̀n mọ́ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì tutù, kì í ṣe pé ó ti sàn. Ó ti burú sí i ni.

Kí wọ́n gbé e kúrò nínú afẹ́fẹ́, kí wọ́n bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, kí wọ́n wọ gbígbẹ fún un, kí wọ́n sì fi nǹkan ya ara rẹ̀ nípa sí ilẹ̀. Bí ó bá ṣì lè gbé nǹkan mì dáadáa, kí wọ́n fún un ní tíì gbígbóná tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe fi ọwọ́ ra á lápá lẹ́sẹ̀. Ọtí tí àwọn kan ń pè ní amáragbóná, irọ́ ni: ó ń fa ẹ̀jẹ̀ gbígbóná wá sí awọ ara, ooru yóò sì tètè bá ibẹ̀ jáde.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń lọ, ẹ bi í bóyá ó ti di aṣọ gbígbẹ kan sínú láílọ́ọ̀nù, èyí tí kò ní fọwọ́ kàn àfi bí ó bá dé ibùsùn. Ẹ tún béèrè ẹni tí ó ní àṣẹ láti sọ pé kí gbogbo wọn padà. Ní Peak District, ọdún 1964 náà ni wọ́n dá àjọ sílẹ̀ tí ó so àwọn ẹgbẹ́ tí ń yọ ènìyàn nínú ewu lórí òkè pọ̀ mọ́ ara wọn.