Ọmọ Yunifásítì àti Ìmọ̀ Ayé: Ilé La Ti Í Kẹ́ṣọ̀ọ́ Ròde

Nínú owó tí à ń yá lẹ́gbẹ́, ti ilé-ìwé kò kéré. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ dáhùn ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń bi wá: "Ìwé ni mo rán ọmọ lọ kà. Kí ló kàn án nínú àṣà ẹlòmíràn àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè?"

Ó kàn án gan-an ni. Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, òun ní í sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé inú ọkọ̀ òfuurufú ni ìmọ̀ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo Èsìẹ́ tiwa. Ní 1945 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ère òkúta ibẹ̀ lé ní 800, tọkùnrin tobìnrin, òmíràn jókòó lórí àpótí. Ìtàn àwọn àgbà ní àlejò ni wọ́n, tí wọ́n di òkúta. Àwọn onímọ̀ ní ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ wọn. Ọmọ tó bá gbọ́ méjèèjì, tí kò fi ìkankan ṣe yẹ̀yẹ́, tó sì wádìí ohun tí ìtàn náà ń kọ́ni, ti ń mọ bí a ṣe ń gbọ́ àṣà yé.

Ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà kan, Phillips Stevens, bá ẹgbẹ́ Peace Corps wá sí Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1960. Ó ṣiṣẹ́ lórí àwọn ère náà, ìwé tó kọ nípa wọn sì jáde ní 1978. Ará òkèèrè wá wo ohun tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Láti Òmù-Àrán, tí Yunifásítì Landmark wà láti 2011, dé Èsìẹ́ kò jìnnà. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló ti wọ ibẹ̀? Bí àlejò bá ní kí wọ́n ròyìn ilé wọn, kí ni wọn yóò sọ?

Lẹ́yìn ilé, ó kan aládùúgbò. Yàrá kan ní yunifásítì lè kó ọmọ Nupe, Tiv àti Igbo pọ̀ mọ́ tiwa. Kí ọmọ yín kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni, kí ó mọ oúnjẹ wọn àti èèwọ̀ wọn. Kọ́bọ̀ kò jáde lórí èyí. Nítorí irú ìmọ̀ yìí ni ìjọba ṣe dá NYSC sílẹ̀ ní May 1973, lẹ́yìn ogun abẹ́lé 1967 sí 1970. Ẹ̀rù ààbò tó ń ba àwọn òbí kì í ṣe àsọdùn. Ẹ béèrè bí ibi tí wọ́n rán ọmọ lọ ṣe rí. Ṣùgbọ́n ká má wá ọ̀nà ẹ̀bùrú dá ọmọ padà sí Ìlọrin kìkì nítorí pé a fẹ́ kó sún mọ́ wa.

Ìkẹta ni òkèèrè. Àtọdún 1959 ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Commonwealth ti wà. Ètò Fulbright náà ti mú àwọn ọ̀dọ́ wa lọ kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì Amẹ́ríkà ní èdè Yorùbá, Hausa àti Igbo. Ẹ ò rí i pé èdè ilé ló gbé wọn débẹ̀!

Ẹ fetí sílẹ̀ níbí o: àwọn ètò méjèèjì yìí kì í gba owó fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun fi bá ọmọ yín ṣe é, ẹ sá fún un. Bí ẹ bá yá owó ẹgbẹ́ fún gbájú-ẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó san án, bí ẹ kò bá sì rí i san, ọrùn onígbọ̀wọ́ ló ń bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé ìwé náà wá sí ọ́fíìsì ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí ọmọ bá délé fún ìsinmi, ẹ má béèrè máàkì nìkan. Ẹ bi í pé: "Ta lo bá jẹun tí kì í ṣe ẹ̀yà wa? Kí lo kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀? Kí ni òun náà kọ́ lọ́dọ̀ rẹ?" Bí kò bá rí èsì fọ̀, iṣẹ́ ṣì kù.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́